Kí a tó fọ ère ìbejì, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo kọ ìwé yìí nítorí àwọn ère onígi tí ó wà nínú àpótí, lórí àjà àti ní kọ̀rọ̀ iyàrá àwọn ìyá wa, pàápàá jù lọ ère ìbejì, èyí tí a máa ń gbẹ́ fún ìbejì tí ó bá kú, tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń bá pàdé nígbà tí àgbà bá papò dà tí àwọn ọmọ sì ń tú ẹrù rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọ irú ère bẹ́ẹ̀, kí ó tó kùn ún, kí ó tó tà á, tàbí kí ó tó jù ú sínú iná, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé, kí ó sì kọ orúkọ ọmọ tí a gbẹ́ ère náà fún sílẹ̀.

Kẹ́hìndé ni mí. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wa sí ní 1957, àwa méjèèjì kò sì tíì pé oṣù márùn-ún tí Táíwò, ẹni tí mo rán ṣáájú pé kí ó lọ tọ́ ayé wò, fi lọ. Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ó lọ ṣẹ́gi ni a máa ń wí. Wọ́n dá Ifá, Ifá ní kí wọ́n gbẹ́ ère. Bàbá mi ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, kò sì fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò fún un ní àyè àríyànjiyàn, ó gbé owó lé agbẹ́gilére lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Mo dàgbà bá ère náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi. Bí wọ́n bá wẹ̀ mí tán, wọ́n á wẹ òun náà. Bí wọ́n bá rán aṣọ tuntun fún mi, àjákù rẹ̀ á di ìró tirẹ̀. Bí wọ́n bá se ẹ̀wà, wọ́n á fi díẹ̀ kàn án lẹ́nu kí n tó jẹ tèmi. Nígbà tí ìyá mi wá fi gbogbo ọkàn gba ìgbàgbọ́, ó ká ère náà sínú aṣọ funfun, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, kò sì fi hàn ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní kí ó jó o. Kò jó o.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí wa, tí ó fẹ́ràn mi tí ó sì fẹ́ ṣe mí lóore, rí ère náà. Kò bi mí. Ó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó fi sáńpépà ha á títí igi fi funfun, ó fi fánìíṣì kùn ún, ó sì wá gbé e sórí tábìlì pálọ̀ mi pé kí n wò ó bí ó ti ń dán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé inú rere ni ó fi ṣe é. Nígbà tí ó lọ tán ni mo jókòó ti ère náà tí mo sunkún bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni Táíwò lọ. Osùn tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́ ti bá omi lọ. Àwòrán ìyá mi wà lọ́wọ́ mi, mo sì lè ya òmíràn láti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìka rẹ̀ ti fi àmì sílẹ̀ kò sí mọ́, kò sì sí agbẹ́gilére tí ó lè dá a padà.

Ẹni tí ó bá gbé ère ìbejì sọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rí i pé kò jọ ọmọ ọwọ́ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ẹ fún. Ìnǹṣì 8 sí 12 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ga. Orí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́ta gíga náà, nítorí orí ni Yorùbá ń fi ṣáájú nínú ohun gbogbo. Ọmú ti yọ láyà obìnrin, irun ti di dídì, ilà ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà tí ọmọ náà ì bá dà ká ní ó dúró. Igi ìrẹ́, tí ó funfun tí kò sì le ju ọ̀bẹ lọ, ni àwọn agbẹ́gilére sábà máa ń lò. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ náà á mọ ti Abẹ́òkúta yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Èkìtì. Lára ti Ìgbómìnà, ẹ sábà máa ń rí tírà onígun mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ mọ́ ọn láyà, èyí tí ó fi hàn pé ó pẹ́ tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti ń bá àwọn agbẹ́gilére wa gbé ìlú kan náà.

Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni ti agbẹ́gilére. Ìdajì kejì, ọwọ́ ìyá ni ó wà. Ìyá ni ó ń fi osùn àti epo pa á lára, tí ó ń fi ẹ̀lú kun irun rẹ̀, tí ó ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn àti ìdí, tí ó ń to owó ẹyọ mọ́ ọn lára bí agbára rẹ̀ bá ká a. Nígbà tí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun dé ọjà láti òkè òkun, ọ̀pọ̀ ìyá fi í rọ́pò ẹ̀lú, tí àwọ̀ orí ère kan ṣoṣo fi lè sọ díẹ̀ fún wa nípa ìgbà tí ìyá náà gbé láyé àti ohun tí ó ń rí rà lọ́jà. Bí ọwọ́ bá ti ń nù ún lójú fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún, imú á máa pẹlẹbẹ, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa pòórá díẹ̀díẹ̀, ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú rẹ̀. Ère tí a kò fẹ́ràn ni ojú rẹ̀ máa ń mú ṣáṣá títí di òní. Nítorí náà, ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ fọ̀ dànù, ohun gan-an tí ó yẹ kí a tọ́jú ni. Nígbà tí a bá sì fi sáńpépà ha á, ìwé tí ìyá fi ìka kọ ni a ń fà ya.

Àṣà yìí kì í ṣe ti àná. Nígbà tí Richard Lander, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ wa ní 1830, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé òun pàdé ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n gbé ère ọmọ kéékèèké onígi sórí lójú ọ̀nà, àwọn ìyá tí ikú gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ìdí tí ère náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí a ti ń bí ìbejì jù ní gbogbo ayé. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ṣe ní Ìgbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú ìbímọ 1000, ó lé ní 40 tí ó jẹ́ ti ìbejì, nígbà tí ti ilẹ̀ Yúróòpù kò tó 15. Ìbejì sì sábà máa ń kéré nígbà tí wọ́n bá dáyé, ní ìgbà tí kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ilé ìwòsàn tòsí. Kò sí agbo ilé tí kò mọ ìbànújẹ́ yìí. A máa ń kì wọ́n ní Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, a máa ń rántí pé wọ́n bẹ́ sílé alákìísà, wọ́n sọ alákìísà di aláṣọ. A kò sábà rántí bí ó ti pọ̀ tó nínú wọn tí kò dúró.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lónìí. Ère ìbejì kún inú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí Yorùbá, ẹ ó rí Nàìjíríà, ẹ ó rí iye ọ̀rúndún tí wọ́n fojú bù fún un, àti pé a kò mọ agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Orúkọ ọmọ náà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí orúkọ ìyá tàbí agbo ilé, nítorí ẹni tí ó tà á kò sọ, ẹni tí ó rà á kò bèèrè. A máa ń dá òyìnbó lẹ́bi fún èyí, ẹ̀bi wọn náà sì wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ère tí ó wà lórí àjà nílé wa lónìí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé lọ síbì kan, orúkọ rẹ̀ náà ti ń sọnù lójú wa, bí àwọn àgbà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa fúnra wa ni a ń sọ ọ́ di aláìlórúkọ.

Orúkọ àwọn tí ó gbẹ́ wọn náà tọ́ sí kíkọ. A mọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó papò dà ní 1938. A mọ Àrẹògún ará Òsì-Ìlọrin, tí ó lọ ní 1954. A mọ Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó wà láàárín wa títí di 2009. A mọ̀ wọ́n nítorí pé ẹnìkan béèrè, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àìmọye agbẹ́gilére mìíràn ni ó wà ní àwọn ìlú kéékèèké, tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá, tí àwọn arúgbó àdúgbò ṣì lè sọ pé, "Ilé báyìí ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ." Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni àwọn onímọ̀ ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìbọ̀rìṣà ni mo fẹ́ dá padà. Rárá o. Onígbàgbọ́ ni mí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì ti kọ́ bí a ti ń gbàdúrà. Ẹni tí ó bá ṣì ń tọ́jú ère ìbejì gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá rẹ̀ ti ṣe, tí ó ń wẹ̀ ẹ́ tí ó sì ń bọ́ ọ, mo bọ̀wọ̀ fún un, n kò sì ní ohun kan láti kọ́ ọ. Ilé tí a kò ti mọ ohun tí a ó ṣe sí i mọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kíkọ orúkọ ọmọ tí ó kú sílẹ̀ kì í ṣe ẹbọ. Ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà bá igi gbígbẹ́ jà: láti 1947 títí di 1954, Fadá Kevin Carroll, ẹni tí ó jẹ́ àlùfáà Àgùdà, wà lára àwọn tí ó dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Bándélé ọmọ Àrẹògún àti Fákẹ́yẹ ti fi ọwọ́ tí wọ́n kọ́ lábẹ́ àwọn àgbà gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn àti igi. Wọn kò pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé ọ̀nà tí àwọn bàbá wọn ń gbà gbẹ́gi.

Àwọn ìdílé kan tilẹ̀ ti rí ọ̀nà mìíràn gbà kí ère onígi tó di ohun ìtìjú. Àwọn kan ra bèbí oníṣẹ́ ẹ̀rọ dípò rẹ̀. Ní Ìlá Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, àwọn ayàwòrán ń ya èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ ti obìnrin fún un, wọ́n á sì tún yà á. N kò rí ohun tí ó wú mi lórí tó èyí nínú ọ̀rọ̀ àwòrán nílẹ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú àpótí ìyá yín, tí ẹ sì rò pé ọmọ méjì ni ẹ ń wò, ẹ bèèrè kí ẹ tó kọ ohunkóhun sẹ́yìn rẹ̀.

Nílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú, irú ère bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé. Ní Puerto Rico, erékùṣù kan ní òkun Kàríbíánì, àwọn Àgùdà máa ń gbé ère àwọn ẹni mímọ́ onígi kéékèèké sí pẹpẹ inú ilé wọn, tí wọ́n sì máa ń tún un kùn léraléra, nígbà mìíràn láti fi san ẹ̀jẹ́, tí ọ̀dà fi hu lára ère kan ní ìpele lórí ìpele. Àwọn tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ níbẹ̀ kì í sáré ha ọ̀dà wọ̀nyẹn kúrò, nítorí ìpele kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ àdúrà ẹnìkan. Bí wọ́n bá lè wo ọ̀dà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí àwa náà lè wo osùn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má fi kẹrosín-ìnì tàbí fánìíṣì kùn ún, ẹ má sì já ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ láti tún un sín. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí ó gbẹ tó láti gbọn eruku kúrò. Bí osùn bá ń bá a bọ̀ wá, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kì í ti wọlé tààrà, tí ògiri kò sì tutù. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní, ẹ tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun igi bá dà sórí ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fín oògùn apakòkòrò sí i lára. Ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ gbé e sínú fíríìsà tí ó tutù dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí ẹ bá sì gbé e jáde, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan kí ó tó rí afẹ́fẹ́. Níbi tí iná mànàmáná kì í dúró, ọ̀nà yìí kò ní ṣiṣẹ́, nítorí kòkòrò kì í kú bí òtútù náà bá ń lọ tí ó ń bọ̀; ẹ mú un tọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó súnmọ́ yín lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ọ́n. Òfin 1979 tí ó gbé àjọ tí ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ohun ìrántí Nàìjíríà kalẹ̀ ka ère tí a gbẹ́ kí ọdún 1918 tó dé, àti èyí tí a ti lò nínú ètùtù ìbílẹ̀ tí ó sì ní iyì ìtàn tàbí ti iṣẹ́ ọnà, sí ohun àtijọ́ tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó lè kàn máa rà, tí a kò sì gbọ́dọ̀ gbé jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà. Oníṣòwò tí ó bá kan ilẹ̀kùn yín lẹ́yìn òkú àgbà, tí ó ní òun fẹ́ kó igi gbígbẹ lọ fún yín, ó mọ ohun tí ó ń wá. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń gbẹ́ ère tuntun, tí wọ́n ń fi osùn àti èéfín pa á láró kí ó lè jọ èyí tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Ojú lásán lè tàn wá jẹ. Ìwé kékeré tí a kọ orúkọ, ilé àti ọdún sí, tí ẹni tí ó mọ ìtàn náà fọwọ́ sí, ni ó ṣòro fún wọn láti gbẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, Olóòtú, pé kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, fún àwọn òǹkàwé tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn ère kan tí ó wà nílé wọn, láìfi àdírẹ́sì sí i kí olè má baà rí ọ̀nà. Kí ẹ gba ti ère ìbejì, kí ẹ gba ti òpó ilé, ti ọpọ́n Ifá, ti oṣé Ṣàngó pẹ̀lú. Kí n má baà bèèrè ohun tí èmi fúnra mi kò ṣe, ohun tí mo kọ sórí páálí kékeré tí mo fi òwú so mọ́ ère tèmi, lára èyí tí fánìíṣì ṣì wà, nìyí:

"Táíwò, ọkùnrin, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1957, tí ó lọ ṣẹ́gi kí ó tó pé oṣù márùn-ún. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ó san owó ère. Ìyá rẹ̀ ni ó fi osùn pa á, ó sì fi búlúù kun irun rẹ̀. A fọ osùn náà dànù lẹ́yìn tí ìyá lọ, díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù sí abẹ́ apá òsì. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa ìdí rẹ̀, ara tèmi ni wọ́n ti já a."

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Kẹ́hìndé